Mo rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́

Ọjọ́ kẹta tí ibà ti dá màmá mi wó ni mo tó yẹ ṣúgà wọn wò. Wọ́n ti lé ní 70 ọdún, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ. Mo gún wọn ní ìka, mo fi ẹ̀jẹ̀ kan pépà ẹ̀rọ, nọ́ńbà kankan ò jáde. "HI" ló kọ. Mo pààrọ̀ pépà, mo gún ìka mìíràn, "HI" náà ni. Mo ní ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́, mo dá a padà sínú àpò rẹ̀.

Ó ṣì ń dùn mí di òní. Ohun tó ń sọ fún mi ni pé ṣúgà ti ga kọjá ohun tí òun lè kà: lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ó ti ju 600 mg/dL lọ nìyẹn.

Àmì sì ti wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, omi ni ṣáá, ìtọ̀ ni ṣáá. Lọ́jọ́ kẹta wọn ò tọ̀ mọ́, wọ́n kàn ń sùn. Mo ní kí wọ́n sinmi. Àfìgbà tí wọ́n fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pè mí ni àyà mi já. Ahọ́n wọn gbẹ háú. Mo fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ wọn sókè, kò tètè padà sílẹ̀.

Dókítà ní àrùn ojú ọ̀nà ìtọ̀ ló gbé ṣúgà náà sókè. Ṣúgà ń bá ìtọ̀ fa omi ara jáde, bí omi sì ṣe ń dín kù ni ẹ̀jẹ̀ ń ki sí i. Ìdí nìyẹn tí omi fi kọ́kọ́ wọ iṣan wọn ṣáájú insulin, oògùn tó ń mú ṣúgà wálẹ̀. Mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ṣúgà náà wálẹ̀ kíákíá. Nọ́ọ̀sì ní rárá, díẹ̀díẹ̀ ni, torí bó bá yá jù, ó lè pa ọpọlọ lára.

Ọmọkùnrin kan wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ wa. Tirẹ̀ yàtọ̀: inú ń run ún, ó ń bì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹnu rẹ̀ ń run òórùn èso tó ti pọ́n jù. Ìyá rẹ̀ ti dá insulin rẹ̀ dúró torí pé kò jẹun. Àánú obìnrin yẹn ṣe mí gan-an, ta ni ò ní rò bẹ́ẹ̀? Àmọ́ àìsàn fúnra rẹ̀ ń gbé ṣúgà sókè, bí èèyàn ò tiẹ̀ fi nǹkan kan ẹnu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe dókítà kí ẹ tó dá insulin dúró.

Ọjọ́ karùn-ún ni màmá tó pe orúkọ mi gan-an. Ẹ̀rọ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fi bírò kọ ọ́ sára àpò rẹ̀: HI, ọsibítù.