Kọ́kọ́rọ́ onítẹ̀ka wo ló dára fún ilẹ̀kùn onírin?

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo fẹ́ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà wa n'Íbàdàn sí onítẹ̀ka, èyí tó ń fi ìlà ìka ènìyàn ṣí. Méjì ni mo ń wò. Ọ̀kan ń lo Wi-Fi, mo lè ṣílẹ̀kùn láti ibi iṣẹ́, àmọ́ ó ń jẹ bátìrì, íńtánẹ́ẹ̀tì àdúgbò wa sì ń ṣe ségesège. Èkejì ń lo Bluetooth, ó ní ojú USB tí a lè ki power bank bọ̀ bí bátìrì bá kú, àti ihò kọ́kọ́rọ́ gidi. Òun ló wù mí. Ìyá mi ńkọ́? Ata lílọ̀ ti pa ìlà ìka wọn rẹ́, fóònù wọn gan-an kì í dá wọn mọ̀. Ṣé nọ́ńbà ni kí wọ́n máa tẹ̀, àbí káàdì? Ta ló ti lò ó lójú oòrùn?