Amúlẹ́ńsìró ni, kì í ṣe "àgbélẹ́ńsìdúró"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ló dá "àgbélẹ́ńsìdúró" sílẹ̀ fún òrùka irin ẹlẹ́sẹ̀ kan tí a fi ń de lẹ́ńsì gígùn àtijọ́ mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta (tripod) tí a ń gbé kámẹ́rà lé, ọ̀pọ̀ yín sì ti ń kan sáárá sí i. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú. Amúlẹ́ńsìró ni mo ní ká máa pè é. Orúkọ ti ẹ̀gbọ́n kò dáa, bẹ̀rẹ̀ láti orí "à" tó ṣáájú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, kí ni ohùn ìsàlẹ̀ ń ṣe níbẹ̀? Àkọsílẹ̀, àṣàyàn, àmúwá: ohun tí wọ́n kọ, tí wọ́n yàn, tí wọ́n mú wá ni gbogbo wọn. Òrùka yìí kọ́ la gbé, òun gan-an ló ń gbé ẹrù. Ìdílé amúlùúdùn àti apẹja ló ti wá. Ẹnìkan wá fèsì pé ènìyàn nìkan ni "a" olóhùn àárín wà fún. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé ènìyàn ni asẹ́? Ṣé ènìyàn ni ajọ̀? Màmá mi àgbà kò ka ìwé gírámà kankan, asẹ́ ni wọ́n fi ń sẹ́ ògì, ajọ̀ ni wọ́n fi ń jọ èlùbọ́, ohùn wọn kò sì yẹ̀ rí.

"Dúró" ńkọ́? Kámẹ́rà là ń gbé dúró, lẹ́ńsì là ń mú ró. Ẹ gbé lẹ́ńsì Nikon àtijọ́ ti 300mm f/4.5 sára kámẹ́rà Z kẹ́ ẹ rí i. Láti 1959 tí ẹnu F, ibi tí lẹ́ńsì Nikon àtijọ́ ti ń wọ kámẹ́rà, ti jáde, 46.5mm ló fi jìnnà sí fíìmù. Ti Z, tó dé ní 2018, kò ju 16mm lọ. Alárinà tó so wọ́n pọ̀ ní láti fi 30.5mm dí àlàfo náà, lẹ́ńsì á sì tipa bẹ́ẹ̀ sún síwájú kúrò lára kámẹ́rà. Bẹ́ ẹ bá wá fi ìdí kámẹ́rà jókòó sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹnu yẹn nìkan ni gbogbo ẹrù á rọ̀ mọ́. Iwájú á máa tẹ̀, àwòrán á máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ fi òrùka yẹn dè é: ẹsẹ̀ rẹ̀ á bọ́ síbi tí iwájú àti ẹ̀yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ dẹ ìdè rẹ̀ díẹ̀, ẹ yí lẹ́ńsì títí kámẹ́rà á fi nàró, ẹ tún un dè, kò ní yẹ̀. "Ró" nìyẹn. Òpómúléró ń mú ilé ró kó má baà wó. Amúlẹ́ńsìró ni kẹ́ ẹ kọ.

Arábìnrin wa tó ń kọ̀wé láti Lọ́ńdọ̀nù mú "òṣùká" wá. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n abẹ́ ẹrù ni òṣùká ń wà, kì í yí ẹrù ká. Ẹ jẹ́ ká fi pa mọ́ fún irú lẹ́ńsì 180mm f/2.8 àtijọ́ tí kò ní òrùka. Irin gbọọrọ la máa ń tẹ́ sábẹ́ ìyẹn, tí a ó sì fi ohun kan tó tẹ̀ kóló gbé ọrùn rẹ̀ níwájú, láìjẹ́ kó kan ibi tí a ń yí kí àwòrán mọ́ kedere. Òṣùká gidi nìyẹn.

Ẹni tó ní kí n lọ gboyè ìmọ̀ èdè kí n tó sọ̀rọ̀, mo ti gbọ́. Iṣẹ́ fọ́tò ni mo ń ṣe jẹ. Ọ̀gá tó kọ́ mi l'Abẹ́òkúta kì í jẹ́ ká di kámẹ́rà mú tí lẹ́ńsì gígùn bá wà lára rẹ̀: "Lẹ́ńsì ni kó o mú!" "Mú" náà ni wọ́n sọ, wọn ò sọ "gbé".

Ó ku ti alárinà. FTZ, alárinà tí Nikon kọ́kọ́ ṣe láti so lẹ́ńsì F mọ́ kámẹ́rà Z, ní ẹsẹ̀ lábẹ́, wọ́n yọ ọ́ kúrò lára FTZ II ní 2021. Àwọn kan ń pe ẹsẹ̀ yẹn náà ní amúlẹ́ńsìró. Èmi ò gbà, nítorí ìdí lẹ́ńsì ló ti ń gbé e, kì í ṣe àárín. Ẹni tó sì ń kọ ọ́ ní "alárenà" kò tíì sọ ìdí fún wa.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fèsì lórí asẹ́ àti ajọ̀ kẹ́ ẹ tó tún fi "àgbé-" mìíràn ránṣẹ́.