Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ wá di "ayalẹ̀"

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín láti Kúbwà.

Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa ní Kàdúná ti dábàá "ayalẹ̀" fún ẹni tó ń ya fọ́tò òkè, odò àti pápá, ara mi ò balẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ti fẹ́ràn láti kékeré nìyí. N kò lè jẹ́ orúkọ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n ní àmì ohùn yóò yọ wá lọ́wọ́ ìdàrúdàpọ̀: yà ti fọ́tò, ohùn ìsàlẹ̀, ya ti aṣọ tó ya, ohùn àárín. Òótọ́ ni, "ó yà mí ní fọ́tò". Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀-orúkọ tẹ̀ lé e, kí ẹ wò ó: "ó ya àwòrán", "ó ya fọ́tò". Ohùn ìsàlẹ̀ dà? Kí ló wá kù tí a ó fi mọ "ayalẹ̀" yàtọ̀ sí ohun tí àgbàrá ń ṣe sí ilẹ̀? Ẹ tún pè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ "ọ̀dàlẹ̀", kí ẹ gbọ́ bó ṣe rí létí.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìlọrin, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kì í yọ fọ́tò kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. "Mo fẹ́ lọ ya fọ́tò òkè" ni wọ́n máa ń wí. Èèyàn nìkan ni wọ́n ń sọ fún pé, "Jókòó kí n yà ẹ́."

"Àwòrán ilẹ̀" tí ẹnìkan mú wá ńkọ́? Máàpù nìyẹn.

Orúkọ tí èmi mú wá fún irú fọ́tò yìí ni "fọ́tò ìran". Ẹ dúró létí títì ní Madalla láàárọ̀ ọyẹ́, kí ẹ kọjú sí àpáta Zuma. Eruku tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti Sàhárà ti bo ìdí àpáta náà, orí rẹ̀ nìkan ló yọ. Àwọn ilà ara rẹ̀ tó dà bí ojú àti ẹnu kò tíì hàn. Bí oòrùn bá ti ń là á, tí eruku náà pọ́n bí epo, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ yín á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé kámẹ́rà. Ilẹ̀ wo la yà níbẹ̀? Ìmọ́lẹ̀ ni, eruku ni, àpáta ni. Ìran ni! Òun náà ló wà nínú awòran. Ẹni tó bá ní yóò dàrú mọ́ ìran bàbá ńlá ẹni, ṣé ẹ ti rí ẹni tí wọ́n ní kó wá wòran, tó wá ń wá mọ̀lẹ́bí kiri?

Ẹni tó sì kọ̀wé pé Abuja ni Zuma wà, Ìpínlẹ̀ Niger ni, lẹ́nu ààlà. Pé ó wà lẹ́yìn náírà 100 tí Awólọ́wọ̀ wà níwájú rẹ̀ kò sọ ọ́ di ti olú-ìlú.

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Ọ̀fà ni yín, àgbà ò wọ́n yín nílé. Ẹ bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n ti fi "ya ilẹ̀" pe fọ́tò rí, kí ẹ sì kọ gbólóhùn náà ránṣẹ́ síbí, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.