Lẹ́tà káńsù lórí fèrèsé oníke: ẹ gbà mí o!

Ìyá Tósìn (Saltaire): Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ta ló ti gba lẹ́tà káńsù lórí fèrèsé rí? Oníke ni wọ́n wà nígbà tí a ra ilé yìí. Wọ́n ní Grade II ni ilé náà, ìyẹn ilé àtijọ́ tí òfin dáàbò bò, igi ló yẹ kó wà níbẹ̀. Èmi kọ́ ni mo fi wọ́n síbẹ̀! Ọkọ mi ní ká má dá wọn lóhùn. N ò tíì fojú kan oorun látàná.

Bàbá Ìbejì (Leeds): Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Wọn ò ní gbé yín lọ sí kóòtù torí ohun tí ẹlòmíì ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n lè ní kí ẹ yọ wọ́n, ọ̀rọ̀ "ó ti pẹ́" kò sì sí níbẹ̀. Ṣé lọ́yà yín béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ta ilé? Láti 2001 ni UNESCO ti kọ orúkọ abúlé yín mọ́ àwọn ogún àgbáyé, kì í ṣe ohun tó pamọ́.

Àǹtí Bísí (Salford): Tiyín tiẹ̀ sàn. Ilé òṣìṣẹ́ òwú ni tiwa, bírìkì lásán, kò sí àlàfo láàárín ògiri. Ó ń rin, bíríkìlà ní ká fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ níta. Omi tó wọlé ò wá rọ́nà jáde mọ́. Nígbà tí yìnyín mú un, ojú bírìkì ń bó sílẹ̀ gbàrà gbàrà. Owó tí a fi ha á kúrò ká tó fi lime (ẹfun ìkọ́lé tó ń jẹ́ kí omi rọ́nà jáde) sí i ju èyí tí a fi rẹ́ ẹ lọ.

Ọmọ Ìbàdàn (Manchester): Àǹtí, sìmẹ́ǹtì kọ́. Gọ́tà yín ló ń jò.

Àǹtí Bísí: A ti tún gọ́tà ṣe kí bíríkìlà tó dé! Ìwọ ló bá wa gbé ibẹ̀ ni?

Bàbá Ìbejì: Ẹ má dí ihò wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ abẹ́ ilẹ̀ náà o. Mo dí tèmi torí òtútù, pákó abẹ́ ilẹ̀ rà. Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ àga kan bá wọlẹ̀ ṣíí, àlejò sì wà lórí ẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn: Àwọn ará Leeds! Wọ́n fòfin de kíkọ́ ilé akẹ̀yìnsíra (back-to-back) ní 1909, ẹ ṣì ń kọ́ ọ títí di 1937. Kò sí bákiyaádì, níbo lẹ ń sá aṣọ sí?

Bàbá Ìbejì: Ìta gbangba! Okùn la ta láti ilé dé ilé. Ògiri mẹ́ta ni èmi àti aládùúgbò jọ ní, owó gáàsì mi ò tó ìdajì tìẹ.

Ìyá Tósìn: Ṣé kí n fèsì lẹ́tà náà ni àbí kí n wá lọ́yà?

Àǹtí Bísí: Titus Salt tó kọ́ abúlé yín ò gba ilé ọtí láàyè níbẹ̀, ó wá fi orúkọ ìyàwó àti àwọn ọmọ ẹ̀ sọ àwọn àdúgbò. Ọmọ mọ́kànlá! Ká ní baba Ìjẹ̀bú ni, ilẹ̀ ì bá má tó.

Adé Ẹ̀gbá (Liverpool): Ẹ wá wo Port Sunlight lódìkejì odò wa níbí. 1888 ni Lever, oníléeṣẹ́ ọṣẹ, bẹ̀rẹ̀ abúlé náà fáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Òdòdó níwájú gbogbo ilé. Epo ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wà nínú ọṣẹ yẹn o, bí mo bá ń kọjá ńṣe ni mo máa ń rántí ẹbu ìyá àgbà mi l'Ábẹ́òkúta.

Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, níbo ni wọ́n ti ń ta epo gidi ní Liverpool? Ti Manchester máa ń dì gbagidi.

Bàbá Ìbejì: Nínú ilé tìẹ yẹn? Epo wo ni kò ní dì?