PTA ilé-ìwé ọmọ wa: kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, báwo la sì ṣe ń wọlé?

Ìyá Àbíkẹ́, Leeds

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Ilé-ìwé ọmọ mi fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé àwọn ń wá òbí tó máa dara pọ̀ mọ́ PTA. Nílé, ohun tí mo mọ PTA sí ni owó tí wọ́n máa ń kọ mọ́ bíìlì owó ilé-ìwé, àti ìpàdé tí alága á ti máa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbí? Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Yàtọ̀ sí olùkọ́ ọmọ mi, mi ò mọ ẹnì kankan ní géètì ilé-ìwé yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lọ́yẹ̀.

Bàbá Àlàbí, Birmingham

Ìyá Àbíkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ alẹ́ o. Kò sí owó dandan níbẹ̀. Òfin ò tilẹ̀ sọ pé ilé-ìwé gbọ́dọ̀ ní PTA. Àwọn òbí fúnra wọn ló ń dá a sílẹ̀ fínnúfíndọ̀, wọ́n á sì yan alága, akọ̀wé àti akápò. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ìgbìmọ̀ governors o. Àwọn governors ló ń mójú tó bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso ilé-ìwé. Òbí tó bá fẹ́ wà níbẹ̀ á du ipò, àwọn òbí yòókù á dìbò, ọdún mẹ́rin ni wọ́n sì sábà máa ń lò. PTA ò láṣẹ lórí olùkọ́ kankan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí òbí àti ilé-ìwé mọ ara wọn, kí wọ́n sì rí owó díẹ̀ fi ra ohun tí owó ìjọba ò ká.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Bàbá Àlàbí fi owó sẹ́yìn, ibi tó yẹ kó wà náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ n tú ọ̀rọ̀ kí òbí mọ ara wọn yẹn wò díẹ̀, nítorí èmi ni akápò PTA ilé-ìwé àwọn ìbejì mi títí wọ́n fi lọ sí secondary.

Ìpàdé kì í sọ òbí di ojúlùmọ̀ ara wọn. Iṣẹ́ ló ń ṣe é. Ẹ mú òbí méjì tí kò kí ara wọn rí, ẹ ní kí wọ́n jọ gbé tábìlì, kí wọ́n jọ to aṣọ, kí wọ́n jọ gbálẹ̀ gbọ̀ngàn lẹ́yìn summer fair. Kí wọ́n tó parí, ọ̀kan á ti mọ ibi tí èkejì ń gbé, á mọ ìgbà tó ń tibi iṣẹ́ dé, á sì mọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Ọ̀wẹ̀ tí àwọn bàbá wa ń bẹ̀ ni mo máa ń rántí. Oko ni wọ́n torí ẹ̀ jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bá ọ roko, kò tún ní kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ láìyà. Ilé-ìwé tó bá ń fi ìpàdé nìkan pe òbí, àwọn tó ti mọ ara wọn tẹ́lẹ̀ nìkan ni yóò máa rí.

Tábìlì tí mo fẹ́ràn jù ni ti yúnífọ́ọ̀mù àlòkù. Ọmọ á ti ga ju súwẹ́tà rẹ̀ lọ kí súwẹ́tà ọ̀hún tó gbó. Ìlànà tí ìjọba gbé jáde lọ́dún 2021 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ilé-ìwé rí i dájú pé òbí lè rí yúnífọ́ọ̀mù àlòkù, nítorí náà inú ọ̀gá ilé-ìwé máa ń dùn tí PTA bá ní àwọn á mójú tó o. Ọjọ́ Ẹtì la máa ń gbé tiwa sẹ́bàá géètì, nígbà tí àwọn ọmọ bá fẹ́ jáde. Súwẹ́tà kan, £1. Ẹni tí kò bá ní, kó mú, a kì í kọ orúkọ, a kì í bi í léèrè. Àwọn òbí tí ẹ ò ní rí lójú ìpàdé láéláé, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dúró. Ìyá kan tó ti Somalia wá máa ń kọjá lára wa láìwojú ẹnikẹ́ni, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ò tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Súwẹ́tà ló wá wò lọ́jọ́ kan. Nígbà tó yá, òun ló ń bá wa ká aṣọ, òun náà ló sì sọ fún wa pé àwọn ìyá tó pọ̀ ládùúgbò òun ò mọ̀ pé breakfast club, níbi tí àwọn ọmọ ti ń jẹun àárọ̀, wà nílé-ìwé. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń bá wa kọ ìkéde ní èdè wọn. Kò sí ìpàdé tó lè mú ìyẹn jáde.

Ti iṣẹ́ alẹ́ yín: ẹ má sọ pé ẹ ò ráyè, ẹ sọ ìwọ̀nba àyè tí ẹ ní. Wákàtí kan péré lóṣù tó. Iṣẹ́ wà tí ènìyàn lè ṣe nínú ilé: lílẹ nọ́ńbà mọ́ ẹ̀bùn ráfùlù, kíkọ lẹ́tà sí àwọn ṣọ́ọ̀bù àdúgbò pé kí wọ́n fún wa ní ẹ̀bùn, tàbí aṣojú kíláàsì lórí WhatsApp. Ẹ má fojú kéré ti WhatsApp yẹn. Aṣojú ló ń rán gbogbo òbí létí pé ọ̀la ni World Book Day, ọjọ́ tí àwọn ọmọ ń múra bí ẹni inú ìwé ìtàn, ẹ má wọ yúnífọ́ọ̀mù fún ọmọ. Ọmọ tó bá dá nìkan wọ yúnífọ́ọ̀mù wá lọ́jọ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ aṣọ eré, kò ní gbàgbé bọ̀rọ̀. Ọmọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló sì máa ń jẹ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Manchester

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ n fi ti oúnjẹ kún un, torí ibẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ ti pe ẹ̀yin Yorùbá: "Ṣé ẹ lè se jollof wá?" Ẹ dáhùn bẹ́ẹ̀ ni! Àmọ́ oríṣi nǹkan 14 ni òfin oúnjẹ níbí kà sí ohun tí ara ẹlòmíì lè kọ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sì wà nínú ìkòkò wa. Kúlíkúlì tó wà nínú yájì súyà, ẹ̀pà nìyẹn, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ò sì gba ẹ̀pà wọlé rárá. Ẹ̀wà àkàrà ò sí nínú 14 yẹn, àmọ́ edé tí ẹ bù sí i wà níbẹ̀. Irú míì, ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ṣe é. Kódà kúùbù tí a fi ń se ọbẹ̀ lè ní celery, ewébẹ̀ kan tó wà nínú 14 yẹn, ẹ ka ara páálí rẹ̀. Puff-puff: fúláwà, nígbà míì mílíìkì àti ẹyin. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ fi sè é sórí káàdì, ẹ fi síwájú abọ́. Tí òbí kan bá béèrè tí kò sì dá yín lójú, ẹ sọ fún un pé kó má fún ọmọ rẹ̀ jẹ. Mo ti rí ọmọ tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà ní wọ́ọ̀dù, tí ọ̀fun rẹ̀ wú dí, kì í ṣe ohun eré.

Bàbá Àlàbí, Birmingham

Ó kan owó wàyí. Ráfùlù tí ẹ bá ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ níbi ayẹyẹ náà nìkan kò nílò ìwé àṣẹ. Tí ẹ bá fẹ́ máa tà á fún ará ìta ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ lọ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù: £40 lọ́dún àkọ́kọ́, £20 lọ́dọọdún lẹ́yìn ìyẹn. Tí ẹ bá máa ta wáìnì tàbí bíà, ẹ gba ìwé TEN (Temporary Event Notice) lọ́dọ̀ káńsù, £21, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ṣáájú. Owó tó bá wọlé, ẹni méjì ni kó jọ kà á níbẹ̀, kí àkáǹtì báńkì sì ní ju olùfọwọ́sí kan lọ. Èyí ń gba akápò lọ́wọ́ ẹ̀sùn, kódà láàárín ọ̀rẹ́.

Ẹgbẹ́ aláàánú tí owó rẹ̀ bá ju £5,000 lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Charity Commission, àjọ tó ń mójú tó ẹgbẹ́ aláàánú. Tí HMRC, iléeṣẹ́ owó orí, bá ti gbà yín sí ẹgbẹ́ aláàánú, ètò ìjọba tí wọ́n ń pè ní Gift Aid á fi 25p kún gbogbo £1 tí ẹni tó ń san owó orí bá fi ta yín lọ́rẹ. Parentkind, tó ti wà láti 1956, ni ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn PTA. Ìnṣọ́ránsì wà nínú owó ọmọ-ẹgbẹ́ wọn.

Bàbá Ìyánú, Houston

Mo kí gbogbo ilé. Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé nǹkan òyìnbó ni PTA. Ní Amẹ́ríkà níbí, Alice McLellan Birney àti Phoebe Apperson Hearst ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1897, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ni nígbà náà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ya ilé-ìwé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀, Selena Sloan Butler, obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Atlanta, kó àwọn òbí jọ, ó sì sọ ọ́ di ẹgbẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè lọ́dún 1926. Ọdún 1970 ni ẹgbẹ́ méjèèjì di ọ̀kan. Àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ti ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, pẹ̀lú ìyà.

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ ìyàtọ̀ yìí: PTA ń san lára owó ọmọ-ẹgbẹ́ fún ìpínlẹ̀ àti fún àpapọ̀, PTO, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ tí kò sí lábẹ́ wọn, dá dúró ní tirẹ̀. Ẹ tètè kún fọ́ọ̀mù background check, èyí tí wọ́n fi ń yẹ ìwà ènìyàn wò, níbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá fẹ́ bá kíláàsì ọmọ yín rìnrìn àjò. Ẹ sì bi ibi iṣẹ́ yín léèrè. Iléeṣẹ́ míì máa ń fún ilé-ìwé lówó nítorí wákàtí tí òṣìṣẹ́ wọn fi ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀.

Ìyá Àbíkẹ́, Leeds

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ohun kan ló ṣì ń dẹ́rù bà mí. Mo lọ sí coffee morning wọn, àwọn obìnrin kan tó mọ ara wọn jókòó sójú kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà, kò sẹ́ni tó kí mi. Mo mu tíì mi, mo lọ ilé.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ó máa ń dunni, mi ò ní sọ pé kò dunni. Ẹ má tún bá ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé. Ẹ kọ ìwé sí alága, ẹ dárúkọ iṣẹ́ kan àti àkókò kan: "Mo lè dúró ti tábìlì yúnífọ́ọ̀mù láti aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá." Alága tó ń wá ènìyàn ò ní kọ̀. Ẹ pe òbí míì tó ń dá dúró ní géètì mọ́ra, kó má jẹ́ ẹ̀yin nìkan. Tí ẹ bá sì ti wà nínú ẹgbẹ́, ẹ ní kí wọ́n fi ẹnì kan sẹ́nu ọ̀nà níbi gbogbo ayẹyẹ, iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó máa kí ẹni tuntun, kó sì mú un lọ bá ẹlòmíì. Kí wọ́n máa ṣe ìpàdé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ fún àwọn tí iṣẹ́ ò jẹ́ kó lè wá.

Ìyá Àbíkẹ́, Leeds

Mo ti kọ ọ́ báyìí, mo ní tábìlì yúnífọ́ọ̀mù ni mo fẹ́. Ṣé mo nílò DBS, ìwé àyẹ̀wò bóyá ènìyàn ti rú òfin rí?

Bàbá Àlàbí, Birmingham

Rárá, kì í ṣe fún ọjọ́ kan nídìí tábìlì. Tó bá yá tí ẹ ń wọ kíláàsì lọ gbọ́ ìwé kíkà àwọn ọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ilé-ìwé á ní kí ẹ ṣe é, DBS ò sì gba owó fún ẹni tó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù àti ìwé tó fi àdírẹ́sì yín hàn dání lọ sí ọ́fíìsì.