Mẹ́wàá-mẹ́wàá àbí méjìlá-méjìlá, èwo ló rọrùn jù?

onípákó: Ẹ jọ̀ọ́, pákó ni mò ń gé, mo sì sábà máa ń pín in sí mẹ́ta. Tí n bá pín fíìtì kan, tó jẹ́ ínǹṣì 12, ínǹṣì 4 géérégé ni, àmọ́ tó bá jẹ́ mítà kan, sẹ̀ǹtímítà 33.333 tí ò lópin. Ṣebí wọ́n ní mítà ló dáa jù?

òǹṣirò: Òótọ́ ni o, 12 ṣeé pín sí 2, 3, 4 àti 6, 10 ò ní ju 2 àti 5 lọ. Ilẹ̀ Faransé tiẹ̀ sọ ọjọ́ kan di wákàtí 10 lọ́dún 1793, kò pé ọdún méjì tí wọ́n fi pa á tì.

Akin_T: Ẹ má dà á pọ̀ o jàre. Fíìtì ò dúró síbi 12, fíìtì 3 ni yáàdì kan, máìlì kan tún wá jẹ́ fíìtì 5,280, ta ló fẹ́ máa fi orí ṣe ìyẹn? Ti mítà, ẹ kàn máa sún pọ́ìǹtì ni. Onípákó, gé e ní mìlímítà 1,200 kó o sinmi, 400 mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ṣáà má pa méjèèjì pọ̀, ohun tó ba ọkọ̀ òfuurufú NASA tó ń lọ sí Mars jẹ́ ní 1999 nìyẹn.

onípákó: Ẹ̀n-ẹ́n, 1,200! Ibi tí ayùn ń jẹ ńkọ́, ṣé inú 400 yẹn náà ni?