Ọyẹ́ fẹ́ ba sìgá Kúbà mi jẹ́

Ará Bódìjà: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, sìgá Partagás Serie D No. 4 tí mo fẹ́ràn jù ti ń gbẹ láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé. Ewé tí wọ́n fi wé e lóde ti ń là. Ṣé kí n kó o sí fíríìjì?

Bàbá Ìbejì: Rárá o, àbúrò! Fíríìjì á tún gbẹ ẹ́ sí i, òórùn ẹja á sì wọ̀ ọ́. Wá ike tí ọmọrí rẹ̀ dé pinpin, fi pákó kédárì àti Boveda 65 (àpò kékeré tó ń mú kí ọ̀rinrin dúró sí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún) sínú rẹ̀ pẹ̀lú sìgá náà. Má wọ́n omi sí i rárá. Díẹ̀díẹ̀ ni kó fa ọ̀rinrin padà.

Ìyá Èkó: Òótọ́ ni. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ rà, ẹ fìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Èyí tó le níbì kan, tó rọ̀ níbòmíràn, ẹ má rà á.